Ìwé Tí Mo Fi Ka Góòlù Síkírù

Èmi ni mo fi àìsàn ojú òsì Síkírù, ọmọ àbúrò ìyá mi, han oníṣègùn, kí Ìkòròdú lè na Ẹ̀pẹ́ ní bọ́ọ̀lù lọ́dún 1956.

Mo sọ ọ́ síwájú kí n má baà rí ibi sá sí. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Alágbàfọ̀ ni mí. Mo mọ ìdọ̀tí tí mo bá rí i.

Mùnírátù lorúkọ mi. Ẹnikẹ́ni kò rán mi lọ sílé ìwé. Ara ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ara aṣọ ni mo ti kọ́ ìṣirò: ìlà kan fún ṣẹ́ẹ̀tì kan, ìlà kan fún ṣòkòtò kan, tó bá di ìkarùn-ún, mo fi ìlà dábùú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ní aṣọ òun sọnù lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù ife láàárín ara wọn lọ́dún 1953, èmi ni wọ́n gbé jẹ́sì fún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń pàdé lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì níbí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́hùn-ún. Òfin kan wà tí rẹfirí kò mọ̀: ìlú tó bá gba àlejò ló gbọ́dọ̀ fọ aṣọ àlejò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ́ọ̀ǹsì padà sílé. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ pápá òun bá ọ̀tá délé, nítorí oògùn ni wọ́n máa fi í ṣe. Mo máa ń bá wọn dé Ẹ̀pẹ́, aṣọ ìhà méjèèjì ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Wọ́n yàn mí nítorí pé ọmọ Ìkòròdú ni bàbá mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ sì ni ìyá mi. Wọ́n ní mi ò ní lè dalẹ̀ ẹnì kankan.

*

Ẹ̀yìn òpó góòlù ni mo máa ń gbé korobá omi sí, nítòsí kípà. Níbi tí mo jókòó sí, tí kò tíì sí aṣọ láti kà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka góòlù. Mo kọ ibi tí wọ́n ti gbá a, bóyá òjò rọ̀, bóyá lọ́ọ̀ǹsì ló gbé àlejò wá tàbí àjẹ̀ ni wọ́n fi wa ọkọ̀ wọn lórí ọ̀sà. Mo kọ iye tó wọlé kí wọ́n tó sinmi, iye tó wọlé lẹ́yìn ìsinmi, àti ọwọ́ tó gbà wọlé, òsì tàbí ọ̀tún kípà. Lẹ́yìn ọdún kan, mo rí i pé àwọn nǹkan kan ń padà ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Sàlàkọ́, olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, wá bu omi mu kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Góòlù méjì sí ọ̀kan lẹ máa fi na wọ́n lónìí.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Àjẹ̀ ni wọ́n fi wa ọkọ̀ wá, apá ń ro wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti wá báyẹn rí. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta lẹ nà wọ́n.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ta sí i nímú. “Ẹ wá gbọ́ o! Ìyá Sítáàṣì fẹ́ kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù! Màmá, ẹ lọ fi búlúù sáṣọ jàre.”

Méjì sí ọ̀kan ni wọ́n gbá. Kò padà wá bá mi.

Mi ò rí ìran, mi ò gbọ́ ohùn. Mo kà á ni. Nínú eré mẹ́wàá tí mo sọ ṣáájú, mo gba méje, mo ṣi mẹ́ta. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣì í, irọ́ ló ń pa.

*

Ọdún 1954 ni Síkírù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kípà fún Ẹ̀pẹ́. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, bí wọ́n bá bú u, ẹ̀rín ló ń rín. Ìgbàkígbà tí lọ́ọ̀ǹsì wọn bá gúnlẹ̀ ní Ẹ̀búté, ó máa ń gbé ẹja gbígbẹ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ wá fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹja rèé o. Ẹ má fi oògùn sí jẹ́sì mi.”

“Jẹ́sì tìrẹ yìí? Òórùn rẹ̀ á lé oògùn sá.”

Mo ka tirẹ̀ bí mo ṣe ka ti gbogbo wọn. Lọ́dún 1954, góòlù mẹ́wàá ló wọlé mọ́ ọn lọ́wọ́: márùn-ún gba òsì rẹ̀, márùn-ún gba ọ̀tún. Lọ́dún 1955, méjìlá: mẹ́jọ lósì, mẹ́rin lọ́tùn-ún. Nígbà tó di ọdún 1956, nínú eré méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá ní Ẹ̀pẹ́, márùn-ún wọlé. Márààrún ló gba òsì.

Mo kọ́kọ́ rò pé oòrùn ni. Mo ya àwọn tó wọlé nígbà tí oòrùn kọjú sí i sọ́tọ̀, mo ya ìyókù sọ́tọ̀. Òsì náà ni. Mo yà á sí ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òsì náà ni. Nǹkan náà kò sí lórí pápá. Ara rẹ̀ ló wà.

Lẹ́yìn eré kejì yẹn, lóṣù kẹfà, mo lọ kí ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀rífátù, nílé wọn ní Ẹ̀pẹ́. Síkírù jókòó tì mí. Mo na agolo omi sí i láti ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò rí i. Bó ṣe yíjú, igunpá rẹ̀ gbá a dànù.

Ìyá rẹ̀ pariwo. “Ojú rẹ dà, ìwọ ọmọ yìí?”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ dákẹ́. Mo mú ìwé mi jáde.

“Mùnírátù, kí lo ń kọ?”

“Góòlù tó wọlé mọ́ Síkírù lọ́wọ́ ni, Ìyá. Mo ń kà á.”

Ojú rẹ̀ yí padà. “Pa ìwé yẹn dé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Mo pa á dé níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo dénú lọ́ọ̀ǹsì, mo tún ṣí i.

*

Ògúnsànyà ló ń ṣe oògùn fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Ọ̀sán gangan ló máa ń jáde. Ó ní àwọn tó ń ṣe tiwọn lóru ń bẹ̀rù èèyàn ni. Àwọn tí òun ń bá ṣiṣẹ́, ìgbà tí oòrùn bá wà láàárín orí ni wọ́n ń rìn.

Lóṣù kẹsàn-án, mo ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Omi inú ọpọ́n mi ló ṣàdédé dúdú. Mo gbójú sókè, òun ni ó bẹ̀rẹ̀ lé mi lórí.

“Wọ́n ní o ń mọ ohun tí bọ́ọ̀lù máa ṣe.”

“Mo ń kà á ni, Bàbá.”

“Ewé ni èmi ń kà, góòlù ni ìwọ ń kà. Iṣẹ́ kan náà ni.” Ó wò mí dáadáa. “Mùnírátù, orí tó wà lọ́rùn rẹ yìí, ogún ọkùnrin kò ní irú rẹ̀.”

Èmi tí mo kórìíra ọ̀rọ̀ dídùn, mo jókòó gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kà. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó ní kí n ṣí ìwé.

Mo nu ọwọ́ mi, mo ṣí i. Ó ní ọdún yẹn ni ọdún ìkẹyìn. Ìlú tó bá gba ife náà ló máa ni ín títí. Ó ní ibo ni Ẹ̀pẹ́ ti ṣí sílẹ̀? Mo fi ìka sí orúkọ Síkírù.

“Kí ló dé tó jẹ́ òsì?”

“Ojú rẹ̀ ni. Ojú òsì ń kú.”

“Ta ló tún mọ̀?”

“Kò sí.”

“Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?”

“Mi ò rò pé ó mọ̀.”

“Má sọ fún un. Ohun tí èèyàn kò mọ̀ nípa ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà.” Ó dìde. “Wọ́n ń bọ̀ lóṣù kẹwàá. Nínú aṣọ tí o máa fọ̀, mo fẹ́ èyí tó máa ń kan ojú rẹ̀.”

Mo ní, “Bàbá, wọ́n fọkàn tán mi.”

Ó ní, “Ìdí tí mo fi wá bá ọ nìyẹn.”

Mo lè sọ pé ẹ̀rù ló bà mí. Irọ́ ni. Inú mi dùn ni.

*

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ eré oṣù kẹwàá. Bọ́ọ̀lù kò yí, òdo sí òdo ni wọ́n gbá. Mo fọ jẹ́sì mọ́kànlá fún Ẹ̀pẹ́, mo lọ̀ wọ́n, mo dá wọn padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

“Ẹ̀gbọ́n, áńkáṣíìfù mi dà?”

“Atẹ́gùn gbé e lọ.”

“Háà! Ìyá mi ló fọwọ́ rán etí rẹ̀. Ẹ máa bá mi tọrọ àforíjì o.” Síkírù rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sínú ọkọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ òsì kọ etí ọkọ̀ kó tó wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi àti Ògúnsànyà nìkan ló wà lórí pápá. Ó gbẹ́lẹ̀ sídìí òpó tó wà lọ́wọ́ òsì kípà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n máa ń fi àlejò sí lẹ́yìn ìsinmi. Mo ti fi sítáàṣì sí áńkáṣíìfù náà, mo ti lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ti mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé mi ò lè jí aṣọ láìlọ̀ ọ́. Ó di nǹkan kan sínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n rí, ó bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn aláǹgbá wà káàkiri pápá náà nínú oòrùn. Kò sí ẹyọ kan tó mi orí.

“Mélòó?” ló bi mí.

“Mẹ́ta sí òdo. Lẹ́yìn ìsinmi.”

Ó ní kí n tún un sọ, kí n dojú kọ ihò náà. Mo tún un sọ. Ó bò ó.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ẹnu ìyá Síkírù ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, kó tó mọ ohun tí mo ṣe.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ojú òsì Síkírù fi pọ́n. Ó ń sun omi, ó ń ta á. Ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, lọ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ Àáfà Yísà, ẹni tó ń ṣe tírà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù Ẹ̀pẹ́.

Àáfà tẹ yanrìn. Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀.

“Ẹnì kan ń ka ọmọ yìí.”

“Ó ń kà á báwo, Àáfà?”

“Bí ẹni ń ka aṣọ lórí okùn.”

Ìyá Síkírù sọ fún mi pé òun rántí mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun sì yára bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì òun tí òun fi ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun.

Àáfà kọ nǹkan sára wàláà, ó fọ̀ ọ́ sínú omi, ó ní kó máa fi bọ́jú òsì ní gbogbo àárọ̀. Ó tún kọ òmíràn sórí ìwé pélébé, ó ká a, ó sọ ọ́ sínú ọ̀sà.

“Mo dá a padà,” ló wí. “Ẹni tó ń kà á, kí kíkà rẹ̀ dàrú.”

*

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo fọ jẹ́sì Ìkòròdú, mọ́kànlá. Mo sá wọn sórí okùn. Mo kà wọ́n. Méjìlá.

Mo tún wọn kà láti òdìkejì, mo ń fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjìlá. Ìkejìlá wà ní ìparí lọ́wọ́ òsì, kò ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn mọ́kànlá ń mì. Ọ̀kan yẹn kò mì.

Mo ká wọn kúrò lórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kà wọ́n sókè. Mọ́kànlá ló bọ́ sínú agbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ka ẹ̀kọ, ó lé. Mo ka àkàsọ̀, ó dín. Mo lọ bá Ògúnsànyà.

“Bàbá, wọ́n ti mọ̀.”

“Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ni. Wọn ò mọ̀ pé ìwọ ni.” Ó fi nǹkan dúdú pa mí ní iwájú orí. “Tó o bá rí i, wo ilẹ̀. Má kà.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti rí aṣọ kejìlá mọ́. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi ibi tó lọ.

*

Ọjọ́ eré ìkẹyìn nínú oṣù kejìlá, lọ́ọ̀ǹsì Ẹ̀pẹ́ gúnlẹ̀ ní kùtùkùtù, nínú ìkùukùu ọyẹ́. Síkírù wá sílé mi tààrà. Ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ ti wú, ó ń yọ omi. Ojú ọ̀tún mọ́ kedere, ó ń wò mí.

Ó jókòó. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹnì kan ń kà mí.”

Mo ń ṣá igi. Mi ò dáwọ́ dúró.

“Ẹ̀yin lẹ máa ń wà lẹ́yìn mi lórí pápá. Ohun tí ẹlòmíì kò rí, ẹ máa ń rí i. Ṣé ẹ mọ nǹkan kan? Bó jẹ́ àìsàn ni, mo fẹ́ lọ sí Èkó lọ bá dókítà ojú. Bó jẹ́ ayé ni, Àáfà ń ṣe é. Ẹ sáà sọ ọ̀kan fún mi.”

Ìwé náà wà lábẹ́ ẹní tó jókòó lé. Mo rò ó pé bí mo bá sọ pé àìsàn ni, á bi mí bí mo ṣe mọ̀, á sì bi mí ìgbà tí mo ti mọ̀.

Mo ní, “Kò sí nǹkan. Erùpẹ̀ ọyẹ́ ni. Máa bọ́jú.”

Ó mi orí. “Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́, ó dáa.” Ó gbé ẹja kalẹ̀, ó jáde.

*

Wọ́n gbá a títí dìgbà ìsinmi, kò sí góòlù. Lẹ́yìn ìsinmi, Síkírù wá dúró síwájú òpó tí mo mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, èmi àti korobá mi.

Àkọ́kọ́ gba òsì. Ó bẹ́ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti kọjá. Ìkejì gba òsì. Àwọn ará Ìkòròdú ń kọrin, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Kípà, ìyá ẹ ń pè ọ́ lápá òsì!”

Ẹ̀kẹta kò yára rárá. Sàlàkọ́ gbá a ní àgbákù, ó ń yí bọ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ọmọ ọwọ́ lè fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Síkírù dúró, ọwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo iwájú. Mo lanu láti pè é. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ohùn tó jáde lẹ́nu mi. Ó gbọ́ ariwo, ó wá yíjú sẹ́yìn. Èmi ló rí. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan.

Mẹ́ta sí òdo. Wọ́n gbé Ògúnsànyà sórí èjìká yí pápá ká.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo lọ wú áńkáṣíìfù náà. Oṣù méjì ló ti wà nínú ilẹ̀. Ó funfun. Sítáàṣì rẹ̀ ṣì le. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ lára rẹ̀, nǹkan tí wọ́n dì sínú rẹ̀ kò sì sí mọ́. Ìlà wà lójú rẹ̀, irú ìlà tí mo máa ń fà, ó dúdú bí ẹ̀dú. Mo kà á. Mẹ́rin ni.

Mo mú un délé, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sè é, mo tún un fọ̀. Ìlà mẹ́rin kò ṣí. Góòlù mẹ́ta ló wọlé. Mi ò tíì mọ èyí tó jẹ́ ìkẹrin nígbà náà.

*

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn eré ni ìròyìn dé.

Àáfà Yísà ti sọ fún wọn pé agbára tó wà níbẹ̀ ju ti òun lọ, pé bó bá jẹ ojú òsì tán, ọ̀tún ló máa kọjá sí. Ó ní kí àwọn dí i lọ́nà. Ó po oògùn mìíràn. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá Síkírù ní ó ń ta sí òun nímú láti ẹnu ọ̀nà. Àáfà kán an sí ojú méjèèjì. Wọ́n di Síkírù mú, ó ń pariwo. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí.

Wọ́n wá gbé e lọ sí Èkó nígbà náà. Dókítà ojú ní ojú òsì ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ká ní wọ́n gbé e wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, bóyá òun ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Ó ní ojú ọ̀tún kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Oògùn tí wọ́n kán sí i ló bà á jẹ́.

Bóyá ìwé mi ló ṣe é, bóyá ohun tó wà nídìí òpó ni, bóyá àìsàn lásán ni, mi ò mọ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Lóṣù kẹta ọdún 1957, mo wọ lọ́ọ̀ǹsì lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó jókòó síwájú ilé ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí àwọ̀n ti ya. Mo gbé áńkáṣíìfù náà lé e lórí itan. Ó fi ìka tọ etí rẹ̀, ó mọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi nǹkan kan bò.

“Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Oṣù kẹfà.”

“Ọjọ́ tí mo da omi nù.”

“Ọjọ́ yẹn ni.”

“Mo bi yín láàárọ̀ ọjọ́ eré.”

“O bi mí.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwọ̀n. Ìyá rẹ̀ ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Kò ṣépè fún mi. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Síkírù ní, “Kí ni ìwé yín sọ nípa ọwọ́ ọ̀tún?”

“Lọ́dún 1956, góòlù kankan kò gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ wọlé.”

“Ẹyọ kan?”

“Kò sí ẹyọ kan.”

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n yìn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ojú ọ̀tún tí kò jẹ́ kí góòlù kankan kọjá, òun náà ti lọ.